Èsì Ìdánwò Basant

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Okúdù 2024
Èsì jáde. Basant gba mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún! Ẹ̀wà jóná lórí iná, mi ò bìkítà. Mo gbé ìwé èsì náà àti fọ́tò ẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ìlú Tanta lè rí i. Mo fi àwòrán ojú búlúù tí wọ́n fi ń lé ojú burúkú bo ojú ọmọ mi — ayé ò fẹ́ni fọ́rọ̀. Basant náà kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sábẹ́ ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Basant ò jẹun. Ó ní inú ń run òun.

Ọjọ́ Ajé, 10
Mo gba fóònù ẹ̀ wò. Láti Ọjọ́bọ̀ ni ọkùnrin kan ti ń kọ̀wé sí i, ó ní iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ lòun wà. Ó mọ orúkọ ẹ̀, ti bàbá ẹ̀, ti bàbá bàbá ẹ̀, ilé ìwé ẹ̀, nọ́ńbà ìdánwò ẹ̀. Ó ní àwọn máa fagi lé èsì náà bí kò bá fi fọ́tò ránṣẹ́. Ọmọ fi ránṣẹ́. Ó ní kó yọ ìbòrí. Ó yọ ọ́. Èyí tó ń béèrè báyìí, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Gbogbo ohun tó mọ̀ pátá ló wà nínú ìwé èsì yẹn. Mo bo ojú ọmọ, mo wá ta ìyókù lọ́rẹ. Èmi ìyá ẹ̀. Ojú ara mi ń tì mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Ọ́fíìsì àwọn ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọlọ́pàá obìnrin kan níbẹ̀, Madame Ragaa, ló dá mi lóhùn, ó fara balẹ̀. "Ìyá Basant, òfin wà, a máa mú un. Ta ló gbé ìwé èsì síta?" Mo ní èmi ni. Ó ní ó gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé ẹ̀sùn, kí n sì fọwọ́ sí i. Bàbá ọmọ sì lè gba ẹ̀dà.

Alágídí, bàbá ẹ̀! Láti ọjọ́ tá a ti kọ ara wa sílẹ̀ ló ti ń wá ohun tó máa fi gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Mi ò fọwọ́ sí i. Mo ní mò ń bọ̀.

Ọjọ́rú, 12
Mo pa gbogbo ohun tí mo gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ́. Ọkùnrin yẹn kọ ọ́ sí fóònù Basant pé òun ti ní ẹ̀dà.

Ọjọ́bọ̀, 13
Ìyá mi ní kí n pa á mọ́ra. "Ẹyin lọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin lo bí o, ta ló máa fẹ́ ẹ tí àdúgbò bá gbọ́?" Mo bínú sí i, síbẹ̀ mo ṣe bó ṣe wí.

Ọjọ́ Àìkú, 16 — Iléyá
Alágídí gbé ẹran wá. Ó ń bá ọmọ ẹ̀ ṣeré: "Ọ̀mọ̀wé, o ti wá gbówó lórí, o ò lè kí èèyàn mọ́?" Basant ò rẹ́rìn-ín. Bàbá ẹ̀ yíjú sí mi: kí ni mo fi ọmọ òun ṣe? Mo ní ooru ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22
Madame Ragaa pè. Ó ní ọkùnrin kan náà ti mú ọmọ ọdún mọ́kànlá kan, ìwé èsì tọmọ yẹn náà ló fi mú un. Ọmọ náà gbé nǹkan mu. Ó wà nílé ìwòsàn, wọn ò tíì mọ̀ bóyá á yè é. "Ìyá tiẹ̀ náà dákẹ́. Mi ò lè fipá mú yín, mo kàn ní kẹ́ ẹ gbọ́ ni."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná. Mo dákẹ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá.

Ọjọ́ Àìkú, 23
Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún Basant. Ó bi mí bóyá bàbá máa mú òun lọ. Mo ní ó ṣeé ṣe. Ó ní ṣé ọkùnrin yẹn ò ní kọ̀wé sẹ́nì kankan mọ́? Mo ní tá a bá lọ sọ́dọ̀ Madame Ragaa. Ó lọ wọ bàtà.

Mo fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn náà: "Èmi, ìyá ọmọ náà, ni mo gbé e síta."

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Agẹmọ
Wọ́n mú ọkùnrin yẹn láàárọ̀. Ọ̀sán, ìwé kóòtù dé láti ọ̀dọ̀ Alágídí pé òun fẹ́ gba ọmọ, ọ̀rọ̀ mi àti ìbuwọ́lù mi wà nínú ẹ̀. Basant ní kí ni wọ́n kọ. Ọwọ́ mi ti fẹ́ ká a pọ̀. Mo tún un tẹ́, mo kà á sí i létí láti òkè délẹ̀, mi ò fo ẹyọ kan.