Ewé Akòko Tí Mo Já Dè Ọ́

Òkèrèwè, Ilé-Ifẹ̀.

Fọláránmi, Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Èkó? Ẹsẹ̀ tí o fi ń sáré kò ní kọ, ìlú tí o wà kò ní gbé ọ mì, àwa tí a ń retí rẹ kò sì ní retí òfo. Àmín. Gbogbo wa wà lálàáfíà. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, mo ní òun náà ti gba oyè nìyẹn.

Adéolúwa ará ilé wa, tó ń ṣe akọ̀wé ní yunifásítì, ló gbé fóònù wá, ó fi ọ́ hàn mí níbi tí o ti ń sá eré ìje kẹta tí o borí. Mo pè ọ́, o ò bojú wẹ̀yìn, mo mọ̀ pé eré ló ká ọ lára. O sá dé etí fóònù, o yà lọ. Mo yí fóònù wo lẹ́yìn, n ò rí ọ. Ó tún tẹ̀ ẹ́, o tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, mo ní ó tó gẹ́ẹ́, ṣé ó fẹ́ pa ọmọ mi ni! Ó bá dá ọ dúró. Ẹsẹ̀ rẹ kan wà lókè, ojú rẹ rí bí ìgbà tí mo máa ń tu itọ́ sílẹ̀ tí n bá rán ọ lọ sí Ìlódè, tí wàá ti dé kí itọ́ náà tó gbẹ. Mo ń wò ọ́ títí fóònù fi ṣókùnkùn, n ò gbọ́ pé ìyá rẹ ń pè mí wá jẹun.

Adéolúwa ní ẹni tó bá gba ipò kìn-ín-ní nínú eré ìje ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́dún kan náà ni wọ́n ń pè ní Aládé Mẹ́ta, pé kò sí adé kankan níbẹ̀, orúkọ oyè lásán ni. Mo ní kò sóhun tó ń jẹ́ oyè lásán. Mo bi í pé ìdílé wo ló kàn lẹ́yìn tìrẹ, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá borí lọ́dún tó ń bọ̀ ni. Háà! Olóyè ṣì wà láàyè, wọ́n ó fi ẹlòmíràn jẹ ẹ́? Ní Ifẹ̀ tiwa yìí, ikú ló ń gba oyè lọ́wọ́ olóyè. Àyà mi já, n ò ní purọ́ fún ọ.

Àtàndá ọ̀rẹ́ mi ló là mí lóye. Ó ní torí pé wọn kò tíì fi ewé akòko sí ọ lórí ni wọ́n ṣe rò pé àwọn lè gbà á. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń já ewé akòko lẹ́yìnkùlé láràárọ̀; tí ti àná bá rọ, màá já tuntun. Mo máa ń jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà, màá wá máa rí ọ nínú eruku lọ́ọ̀ọ́kán, tí ò ń bọ̀. Tí n bá nu ojú, ọlọ́kadà ni.

Ọdún mẹ́ta rèé tí o ti ń sọ pé tí eré ìje yìí bá parí, wàá wálé. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí a fi ra obì àti àkùkọ tí a ó fi wúyè. Bí owó ò bá sí, fi towó sílẹ̀, ìwọ ni kí o wá.

Ọlọ́run á fi ẹsẹ̀ rẹ lé ọ̀nà ilé. Àmọ́ má sáré o. N ò tu itọ́ sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, rọra máa rìn bọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bá ọ du bàbá rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Awódélé.