Ohùn Tó Dá Yín Lóhùn

Màmá mi,

Ẹ fọkàn balẹ̀, ara mi le, wọ́n sì ti gbé mi ga níbi iṣẹ́. Ẹ ní obìnrin kan gbé fóònù ọ́fíìsì wa, ó kí yín tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ẹ wá ní, "Ọmọ tó mọ èèyàn kí báyìí, ṣé kò tíì lọ́kọ ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí.

Kọ̀ǹpútà ni, Màmá. Àwọn ilé-iṣẹ́ ni à ń gbà nímọ̀ràn lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ọ́fíìsì tiwa ni mo sì ti kọ́kọ́ dán an wò. Obìnrin tó ń gbé fóònù wa ni mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, ẹ má fi ohùn mi gba iṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ o!" Mo ní, "Àǹtí, ta ló tó bẹ́ẹ̀?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Tí ẹ bá tẹ́tí dáadáa, ẹ óò gbọ́ ìyókù ẹ̀rín náà níparí "Ẹ ṣé tí ẹ pè wá." Mo mọ bí a ṣe ń gé e kúrò. Mi ò tíì gé e.

Àǹtí náà kò sí lọ́fíìsì wa mọ́. Wọ́n ti gbé òdòdó sí àyè àga rẹ̀, ó dùn ún wò. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ti ń dúró dè mí báyìí. Àwọn obìnrin tó ń gbé fóònù tiwọn ti ń pè mí ní àbúrò.

Ẹ ní kí n bá yín kí i. Mo pe nọ́ńbà ọ́fíìsì wa, mo kí i. Ó bi mí pé ta ni mò ń wá.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ tọ́jú ẹsẹ̀ yín. Fóònù tèmi ni kí ẹ máa pè, ẹ jọ̀ọ́.

Èmi ọmọ yín.