Àmín tí a ṣe lórí oko Màmá

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí n fi ẹnu ara mi gbà á: bí ẹnìkan bá ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, mo máa ń gbà fún un kí n tó ronú.

Bàbá Àlááji, àbúrò bàbá wa, pe ìpàdé ẹbí lónìí lórí oko Kúta tí Màmá ṣì ń gbin ẹ̀gẹ́ sí. Wọn ò béèrè bóyá ká tà á. Àdúrà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

"A ò ní kú léwe."

"Àmín!"

"A ò ní fojú sunkún ọmọ."

"Àmín!"

"Owó tí a bá ta oko yìí, ayọ̀ la ó fi ná."

"Àmín!"

Tèmi ló lọ sókè jù. Màmá nìkan ni kò dáhùn, wọ́n ń fa etí ẹní.

Bàbá Àlááji rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ rí i? Gbogbo ilé ti fọwọ́ sí i."

Bí a ṣe ń bọ̀, Gàníyù àbúrò mi ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin gan-an lẹ ta oko. Àmín yín fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù!"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Wọ́n to àdúrà tí ẹnikẹ́ni ò lè kọ̀ síwájú, wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ tó yẹ ká jiyàn lé lórí tẹ̀ lé e. Àmín ti mọ́ ẹnu wa lára. Èmi tí mo kàwé mẹ́wàá, n ò fura. Àbí mo fura, tí mo kàn...

Lọ́la, tí wọ́n bá kírun àsùbáà tán, màá lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá Àlááji, màá sọ fún wọn pé ẹ̀mí gígùn ni mo ṣe àmín sí, n ò ṣe é sí oko Màmá.