Gíga Tí Mo Bá Ọ Tọrọ

Pamílẹ́rìn ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Adó? Ṣé ara le, ṣé ìwé ń wọlé? Àwa náà wà ní Igbemo, Ọlọ́run ń ṣọ́ wa, orúnkún mi nìkan ni kò gbọ́ràn. Ọlọ́run tó mú ọ wọ yunifásítì yóò mú ọ jáde pẹ̀lú ayọ̀, o kò ní fi ẹsẹ̀ gbún òkúta, pàápàá jù lọ lórí sìmẹ́ńtì tí ẹ ti ń sáré yẹn.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ràn lórí fóònù ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín máa ń bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ bí a bá ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ, nǹkan kan kì í ṣe é. Ẹ̀gbọ́n rẹ Akínyẹlé, tó fi ọ̀kadà gbé lẹ́tà yìí wá, ló sọ fún mi pé o fẹ́ ní kí kóòṣì yọ orúkọ rẹ kúrò nínú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì kí ìdíje ọjọ́ Sátidé tó dé. Ó ní o ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ ga, wọ́n ń fò, ìwọ kúrú, ẹsẹ̀ rẹ kò yá, àánú rẹ lásán ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Èmi náà kúkú mọ̀ pé o kúrú, èmi ni mo bí ọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé yúnífọ́ọ̀mù girama rẹ lọ bá Wòlíì Ọlátúndé ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí wọ́n bá mi gbàdúrà gíga sí i. Wòlíì bi mí pé báwo ni mo ṣe fẹ́ kí o ga tó. Mo ní kí o ga dé òkè ilẹ̀kùn, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí o ṣì lè rí ọkọ fẹ́. A sì gbààwẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn náà ni Tíṣà Ọlátúbọ̀sún tó kọ́ ọ ní ìṣirò pè mí wá wo fídíò yín lórí fóònù rẹ̀. Mo kígbe pè ọ́ títí nínú fóònù náà, o kò wojú mi. Inú bí mi. Àkọ́kọ́, agbọ̀n tí ẹ ń ju bọ́ọ̀lù sí kò ní ìdí, gbogbo ohun tí ẹ jù sí i ló ń jò dànù, àwọn ọ̀mọ̀wé sì jókòó, wọ́n ń wò ó. Màá mú àwọ̀n tí a fi ń dènà ẹyẹ wá, kí wọ́n fi rán an. Lẹ́yìn ìyẹn, bọ́ọ̀lù tí o bá gbà, o ti gbé e fún ẹlòmíràn. Mo ní ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ wọn ni ọ́ ni? O tún gba ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá, o gbé e fún ọmọ gíga kan, ó jù ú wọlé. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n ó ti rẹ gbogbo yín nígbà náà, ẹ ń rìn bí ẹni tó wà nínú odò, síbẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n kà fún yín. Mo ní ojúsàájú ni. Tíṣà ní ẹyọ kan náà ni fídíò ń tún fi hàn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n àlàyé rẹ̀ kò wọ̀ mí létí.

Ṣùgbọ́n níbi tí ó ti rẹ̀ yín yẹn ni mo ti rí ọ dáadáa. Bọ́ọ̀lù kò tíì kúrò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ jù ú tí o ti ń lọ síbi tí yóò bọ́ sí. Àwọn tó ga ń sáré tẹ̀ lé e, ìwọ ti dúró dè é. Omi bọ́ lójú mi, nítorí mo mọ ìdúró yẹn.

Oko ìrẹsì wa ni o ti kọ́ ọ. Bí ẹyẹ bá dé, Akínyẹlé á sáré, á pariwo, wọ́n á fò kúrò níhìn-ín, wọ́n á bà sọ́hùn-ún. Ìwọ á kàn máa wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí àti ibi tí ìrẹsì ti gbó jù, wàá rọra rìn lọ síbẹ̀, kí wọ́n tó dé, ìwọ á ti wà níbẹ̀. Bàbá rẹ, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń ní ẹyẹ bẹ̀rù rẹ ju ìbọn lọ. Pamílẹ́rìn, ohun tí kò bá ni ọ́ lára, o máa ń rò pé kì í ṣe ẹ̀bùn. Lọ́dún yìí ẹyẹ ti jẹ wá ní ìrẹsì gan-an. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ mọ eré sá, ẹni tó ń wò ni kò sí. Tíṣà tún ní bọ́ọ̀lù tí o bá gbé fún ẹlòmíràn tó sì wọlé, wọ́n ń kà á mọ́ ọ lọ́wọ́, àti pé kò sí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ tó tìrẹ.

Nítorí náà, mo padà sọ́dọ̀ Wòlíì láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé mo wá gba yúnífọ́ọ̀mù àti àdúrà mi. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ Olúwa, ẹnìkan kò dá àdúrà padà rí. Mo ní kí ó bá mi dá a padà kí ó tó gòkè jù, torí bí o bá ga, ìwọ náà á máa fò, o kò ní wò mọ́. Bí síkẹ́ẹ̀tì rẹ bá ti ń kúrú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tètè rán Akínyẹlé sí mi.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ rán an, ti ìpara orúnkún àti ti mọ́tò, torí orúnkún mi kò gba ọ̀kadà mọ́, mo sì ń bọ̀ ní Sátidé. Bí o bá ti ní kí wọ́n yọ orúkọ rẹ, lọ bá kóòṣì pé o fẹ́ gbà á padà, má tijú. Èmi àgbàlagbà gba àdúrà padà lọ́wọ́ Ọlọ́run, kò bínú.

Ohun tó jẹ́ tìrẹ kò ní bọ́ sílẹ̀ kí o tó débẹ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Modúpẹ́