Wúrà Kò Jáde Nílé Yín Lọ́jọ́ Iléyá

Bàbá mi, aláàánú mi,

Mo mọ̀ pé òkú kì í gba lẹ́tà, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún bí kò ṣe ẹ̀yin? Iléyá àkọ́kọ́ lẹ́yìn yín ti kọjá. Wúrà, ajá yín, ṣì wà láàyè. Òun ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́, kí ọkàn yín balẹ̀, kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ mi.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ti kó kúrò ní àdúgbò rẹ̀ ní Lazaret wá bá wa ní Boukoki níbí. Yàrá yín ló ń sùn, àga yín ló ń jókòó sí. Mo gbà, òun ni olórí ilé báyìí. Àmọ́ ojú tó fi ń wo Wúrà láti ọjọ́ yẹn kò dára rárá. Nítorí kí ni? Ọkùnrin kan tó di olówó òjijì ní Arlit, níbi tí wọ́n ti ń wa yuréníọ́ọ̀mù, fẹ́ wá bá a ṣọdún, wọ́n sì fẹ́ jọ dá òwò ọkọ̀ sílẹ̀. Bàbá Kékeré kò fẹ́ kí irú àlejò bẹ́ẹ̀ bá ajá nílé àáfà. Ilé àáfà kẹ̀! Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ gbogbo ọmọ àdúgbò ní kéú, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ fọwọ́ ara yín gbé ajá yìí wálé nígbà tí kò tíì lajú. Àbí ó mọ ẹ̀sìn jù yín lọ ni?

Ó fẹ́ kí n lé e síta kí ọdún tó dé. Síta wo? Rédíò ti kéde ní Faransé, ní Zarma àti ní Haúsá pé ajá tí wọ́n bá bá nígboro láìsí olówó rẹ̀ nítòsí, àwọn sójà á yìn ín níbọn. Láyé sójà yìí, ta ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe bí eré? Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mi ò yájú sí i, ṣùgbọ́n mo là á mọ́lẹ̀ fún un pé ọjọ́ tí Wúrà bá jáde nílé yìí, èmi náà á jáde. Ó ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èmi ni ó ń bá wí o, kì í ṣe Wúrà. Kò burú.

Ọjọ́ ọdún pé. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: àgbò tí wọ́n nà sórí igi yí iná ká lójúde gbogbo ilé, èéfín, ọyẹ́, ilẹ̀kùn ọgbà tí ẹnikẹ́ni kì í rántí tì. Mo de Wúrà mọ́nú yàrá mi. Mo gbé omi sí i, mo fi ìró mi àtijọ́ dí fèrèsé nítorí èéfín, mo sì fún un ní túwó rẹ̀ láìfi ọ̀rá kankan sí i. Eegun ló wá kù.

Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ máa ń kó eegun. Ojú mi ṣì ń rí yín nínú gbàríyẹ̀ ọdún yín, tí ẹ ń gbé agolo wàrà kiri láàárín àlejò, tí ẹ ń gba eegun lọ́wọ́ wọn bí ẹni ń gba sàráà, tí ẹ ó sì lọ rì í mọ́lẹ̀ nídìí igi dóńgóyárò. Eegun tó ti wà nídìí iná látàárọ̀ máa ń fọ́ ṣóńṣó ṣóńṣó ni. Irú rẹ̀ ló gún ajá wa àkọ́kọ́ lọ́fun tó fi kú. Àwọn èèyàn wa kò fẹ́ gbọ́. Lójú tiwọn, ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fún onílé gbọ́dọ̀ ju eegun sí ajá onílé. Inúure ni wọ́n á fi pa á.

Ni mo bá gbé agolo yín. Mo wọ aṣọ ọdún mi, mo wé gèlè, mo ń lọ láti ọ̀dọ̀ àlejò kan sí òmíràn. Mo dé iwájú ọ̀gá Arlit, mo kúnlẹ̀, mo gbé agolo sí i nímú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ju eegun itan sínú rẹ̀. Ojú ti Bàbá Kékeré débi pé ó dìde fùú, ó gba ọ̀nà yàrá mi lọ, ó fẹ́ tú Wúrà fúnra rẹ̀. Mo sáré ṣíwájú rẹ̀, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mi ò dìde.

Ìgbà yẹn ni Màmá jáde, Màmá tó ṣì ń ṣe opó yín, tí kì í yọjú sí àlejò. Ṣé ẹ rántí pé kò fẹ́ràn Wúrà rí? “Hansi” lásán ló ń pè é, bí àwọn ará Zarma ṣe ń pe ajá gbogbo, kì í sì í jẹ́ kó rìn kọjá níbi tí ẹní ìrun rẹ̀ bá wà. Ẹní yẹn gan-an ló gbé lọ́wọ́. Ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀. Ó kẹ́yìn sí àbúrò yín. Ó kọjú sí ilẹ̀kùn, ó sì pe Wúrà lórúkọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni pe ọmọ. A gbọ́ ìrù rẹ̀ tó ń gbá ilẹ̀ nínú yàrá. Bàbá Kékeré wò wá títí, ó nu ojú, ó padà sọ́dọ̀ àlejò rẹ̀.

Wọ́n ní ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn ló ń pa ọ̀bọ. Láti ọjọ́ tí a ti sin yín, mo ti rò pé èmi kò ní ẹnì kankan lẹ́yìn mọ́. Mo ti ri àwọn eegun mọ́dìí dóńgóyárò. Kí ẹnikẹ́ni tún wá bá mi sọ̀rọ̀ ajá nílé yìí, yóò bá wa lẹ́nu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi, ṣé ẹ̀yin mọ̀ pé Màmá mọ orúkọ Wúrà?

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí agolo yín wà lọ́wọ́ rẹ̀.