Kòrónà Ò Tíì Lọ Nínú Ilé Tiwa

Irọ́ ni mò ń pa fún ìyá tó bí mi, ó ti lé lọ́dún kan báyìí, kò sì sẹ́ni tó fipá mú mi. Àdímìn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bò mí láṣìírí, torí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa wà lórí péèjì yìí, àbúrò ọkọ mi náà wà níbẹ̀... Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kà á, ẹ bú mi tẹ́ ẹ bá fẹ́ bú mi, èmi náà ti bú ara mi, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bú mi tán, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, torí ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá agbára mi. Ìyá mi rò pé kòrónà ṣì ń pa èèyàn nígboro. Èmi ni mo sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Gbogbo yín ti bọ́ ìbòmú sọ nù, ẹ ti ń ṣe ìgbéyàwó, ẹ ti ń fara gbún ara yín lọ́jà Ìkòtún bíi ti tẹ́lẹ̀... ṣùgbọ́n nínú ilé tiwa ní Baruwa níbí, lockdown la ṣì wà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kó lè yé yín. Ògbómọ̀ṣọ́ ni Màámi ń gbé, àwọn nìkan ló wà nínú ilé tí bàbá mi kọ́ kí wọ́n tó kú. Lọ́jọ́ kan Màámi ṣubú ní balùwẹ̀, wọn ò lè dìde, ibẹ̀ ni wọ́n wà títí ilẹ̀ fi mọ́, àfìgbà tí ẹnì kan tó fẹ́ fa omi ní kànga wọn gbọ́ ohùn wọn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò... ìyá yín, lórí sìmẹ́ńtì, láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́! Mo sáré lọ gbé wọn wá sí Èkó. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré làwọn máa lò, kí ìbàdí àwọn san, káwọn padà sílé àwọn. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni kòrónà dé, ìjọba ti ọ̀nà pa, ọ̀sẹ̀ mélòó kan di oṣù, oṣù di ọdún.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kì í ṣe irọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rù ń ba gbogbo ayé yẹn, tí wọ́n ń gbé oríṣiríṣi kiri lórí WhatsApp, pé ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀, ẹ mu ògógóró, ẹ fín ewé báyìí báyìí símú... èmi ni mo máa ń jókòó ti Màámi nírọ̀lẹ́, tí mo máa ń túmọ̀ ìròyìn tẹlifíṣọ̀n fún wọn. Kẹ́míìsì kan ní Ègbẹ́dá ni mo ti ń tajà, torí náà Màámi gbà pé ohun tí mo bá ti sọ nípa àìsàn, abẹ gé e. Tí mo bá ní ẹ fọwọ́, wọ́n á fọwọ́. Tí mo bá ní irọ́ lèyí, wọ́n á pe àwọn ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á ní ọmọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi oògùn ní irọ́ ni o, ẹ má mu ún o. Orí mi máa ń wú. Ta ni orí ẹ̀ ò ní wú?

Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára wá dé, Ìyá Sọ́dìq, alájọgbélé wa, ló wá sọ fún Màámi pé ẹni tó bá gbà á, ọdún méjì ló kù fún un láyé. Màámi ní àwọn ò gbà á láéláé. Mo ṣàlàyé títí, ẹnu mi fẹ́ẹ̀ bó. Nígbẹ̀yìn mo rántí ohun tó wà lọ́kàn wọn, mo ní Màámi, tẹ́ ẹ bá gbà á tán, ẹ lè padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ wò ó, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mi ló jí mi pé àwọn ti wẹ̀, ká máa lọ! Lábẹ́ kánópì níbi tí wọ́n ti ń gún un, àwọn ló ń fi àwọn obìnrin yòókù lọ́kàn balẹ̀, pé kí wọ́n má bẹ̀rù, pé ọmọ àwọn mọ̀ nípa ẹ̀. Apá dùn wọ́n, ara wọn gbóná díẹ̀, ó lọ. Nígbà tí wọ́n gba ẹlẹ́ẹ̀kejì, inú kẹ̀kẹ́ tá a wọ̀ padà sílé ni wọ́n ti ń ka aṣọ tí wọ́n máa dì sínú báàgì, àti èyí tí wọ́n máa fún Ìyá Délé. Àbúrò Màámi ni Ìyá Délé, àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú ọmọ ìyá wọn. Àdùkẹ́ ni Màámi ń pè wọ́n, Màámi ló sì pọ̀n wọ́n dàgbà nígbà tí ìyá àwọn méjèèjì kú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n bi mí pé ọjọ́ wo làwọn ń lọ. Abọ́ ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo kàn gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé Màámi, kòrónà mìíràn ti dé o. Lóòótọ́, ẹ̀yà tuntun kan jáde nígbà náà, ó wà nínú ìròyìn, ẹ ò lè ní èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wá fi kún un pé ìjọba ní àgbàlagbà kankan ò gbọdọ̀ rìnrìn àjò. Ìjọba wo? Èmi yìí náà ni ìjọba. Ojú Màámi rọ... wọ́n ní ó dáa, ká máa gbàdúrà.

Kí ló dé tí mo ṣe é? Ká ní ẹ bi mí nígbà yẹn, ǹ bá ní nítorí ìṣubú yẹn ni, pé mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ kú sí balùwẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ òótọ́ yẹn ò pé. Àbújá ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ó máa ń pẹ́ kó tó wálé. Ọmọ mi obìnrin kéré, Màámi ló ń bá mi tọ́jú ẹ̀ tí mo fi ń ráàyè lọ síbi iṣẹ́. Àti pé... ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o... tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí ẹnì kan bá ṣílẹ̀kùn fún mi, tó kí mi kú iṣẹ́, tó bi mí pé ṣé mo ti jẹun, ara máa ń tù mí. Mi ò fẹ́ kí ilé yẹn tún dá páropáro. Mo fi kòrónà so ìyá mi mọ́lẹ̀ bí ẹní so ewúrẹ́. Mo ti sọ ọ́ o, ó ti jáde lẹ́nu mi.

Ṣé ẹ mọ̀ pé èèyàn kì í pa irọ́ lẹ́ẹ̀kan kó ṣíwọ́? Rédíò tí wọ́n fi ń gbọ́ ìròyìn Yorùbá láàárọ̀, mo ní kò dún dáadáa, mo gbé e lọ pé mo fẹ́ bá wọn tún un ṣe, abẹ́ káńtà níbi iṣẹ́ mi ló wà títí dòní. Tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì ni, ojú wọn ò sì ríran kedere mọ́. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń wá kí wọn, mo máa ń lọ dúró dè wọ́n ní géètì pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lo ìbòmú, àyà Màámi ò lágbára. Wọ́n á lò ó, wọ́n á tún máa yìn mí pé mo mọ ìyá tọ́jú! Bọ́kẹ́ẹ̀tì ìfọwọ́ tí gbogbo ilé ti kó kúrò lẹ́nu ọ̀nà tipẹ́, tiwa ṣì wà níbẹ̀, Màámi ló ń bu omi sí i láràárọ̀, àwọn ọmọ ilé sì ti sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ti ń ṣan ẹsẹ̀. Ìyá Sọ́dìq bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló ń ṣe Màámi gan-an tí wọ́n fi ń sá fún èèyàn, mo ní ogbó ni jàre, ọpọlọ wọn ti ń jó rẹ̀yìn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ nípa ìyá mi! Ìyá tí orí wọn pé ju tèmi lọ. Ọmọ mi pàápàá ti mọ̀ ọ́n ṣe, tá a bá jáde ní géètì á bọ́ ìbòmú, tá a bá ti ń wọlé á fi í padà. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń bi mí pé kí ló dé. Kò bi mí mọ́. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń gún mi lọ́kàn jù. Gbogbo ọjọ́rú ni ìyá mi ń gbààwẹ̀ nítorí mi. Wọ́n ní àwọn aláìsàn ló ń wá síbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, pé Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n kó o. Wọ́n ń gbàdúrà fún àwọn dókítà, wọ́n ń gbàdúrà fún àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́, wọ́n ń gbàdúrà fún àwọn ará China tí wọn ò rí rí láyé wọn. Tí mo bá ní ó ti dín kù díẹ̀, inú wọn á dùn, wọ́n á kọrin. Tí mo bá wá rí i pé wọ́n ti ń tú báàgì wọn yẹ̀ wò, mo máa ń ní ó tún ti pọ̀ sí i. Èmi ni mò ń fún wọn nírètí, èmi náà ni mò ń gbà á padà. Irú ọmọ wo lèmi?

Ẹ lè bi mí pé ṣé wọn kì í gbọ́ látẹnu àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Wọ́n ń gbọ́ o! Ìyá Délé máa ń pè, wọ́n á ní kò sí kòrónà kankan mọ́ níbí, ọjà ń kún, ṣọ́ọ̀ṣì ń kún. Màámi á gbaná jẹ, wọ́n á ní ẹ̀yin ará ibẹ̀ ò mọ nǹkan kan, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi oògùn l'Ékòó ló mọ̀ ọ́n. Ìyá mi gbà mí gbọ́ ju etí ara wọn lọ.

Oṣù tó kọjá ni Délé pè mí pé ara ìyá òun ò yá rárá. Ẹsẹ̀ ti wú, ikùn ti wú, ilé ìwòsàn ti ní kí wọ́n máa gbé wọn lọ sílé. Ohun kan ṣoṣo tí Ìyá Délé ń bèèrè ni ẹ̀gbọ́n wọn. Mo ní háà, ó tó báyìí, ó tó. Mo jókòó ti Màámi, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní ìròyìn ayọ̀ dé o, ìjọba ti ṣí gbogbo ọ̀nà, abẹ́rẹ́ ti ṣiṣẹ́, kòrónà ti lọ, ẹ di ẹrù yín, èmi fúnra mi ni màá sìn yín lọ. Mo rò pé wọ́n máa fò sókè. Wọ́n ní mo ṣeun, pé àwọn mọ̀ pé àánú àwọn ló ń ṣe mí. Wọ́n ní ìgbà mélòó ni mo ti ní ó ń lọ tó tún padà wá? Wọ́n ní èmi tí mò ń bá aláìsàn pàdé lójoojúmọ́, inú ilé kan náà lèmi àtàwọn jọ ń sùn, táwọn bá lọ gbé e bá Àdùkẹ́ pẹ̀lú bí ara ẹ̀ ṣe rí yẹn ńkọ́? Wọ́n ní àwọn ò lè pọ̀n ọ́n dàgbà káwọn tún wá fọwọ́ ara àwọn pa á. Mo gbé Bíbélì, mo fi búra. Wọn ò gbà. Látọjọ́ tí wọ́n ti gba abẹ́rẹ́, òun ni òótọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ fún wọn nípa kòrónà, òun náà ni wọn ò gbà gbọ́. Àṣé ẹ̀rù tí mo fi sí wọn lára ti ta gbòǹgbò, tí èmi tí mo gbìn ín ò lè fà á tu mọ́?

Sátidé tó kọjá, wọ́n ní kí n gbé fóònù mi wá, kí n bá àwọn gba ohùn àwọn sílẹ̀ fún Àdùkẹ́, torí pé Àdùkẹ́ ò lókun láti dáhùn ìpè mọ́. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo gbé e sí wọn lẹ́nu. Wọ́n kọ́kọ́ ki àbúrò wọn ní oríkì látòkè délẹ̀. Wọ́n wá ní, "Àdùkẹ́ mi, má bínú sí mi. Ọkàn mi ń fẹ́ wá, mi ò fẹ́ wá pa ọ́ ni. Bí mo bá ti ṣẹ̀ ọ́ rí, foríjì mí. Ó dìgbéré o. Ó dojú àlá." Ẹ gbọ́ mi... ó dojú àlá. Òkú la máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ẹni tó ṣì wà láàyè, tó ń retí wọn, ni ìyá mi ń sọ ọ́ fún, èmi ni mo sì di fóònù mú.

Wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ kíá kí Délé gbé e sí ìyá ẹ̀ létí. Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Voice note yẹn ṣì wà lórí fóònù mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò tíì fi ránṣẹ́. Ní gbogbo ìgbà ni Màámi ń bi mí pé ṣé Àdùkẹ́ ti gbọ́, mo ní wọn ò tíì gbọ́.

Kí ni kí n ṣe? Tí mo bá fi ránṣẹ́, Ìyá Délé á kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn létí, wọ́n á rò pé ẹ̀gbọ́n àwọn ti sin àwọn tán. Tí mi ò bá fi ránṣẹ́, wọ́n á rò pé ẹ̀gbọ́n àwọn ò bìkítà. Ṣé kí n bẹ dókítà kan kó wá bá mi sọ fún Màámi pé kòrónà ti lọ, kí n má jẹ́wọ́? Wọ́n lè gba tiẹ̀ gbọ́... àmọ́ tí wọ́n bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n bá rí i pé ó ti pẹ́ tó lọ, ṣé wọn ò ní mọ̀ pé èmi ni? Ẹ̀jẹ̀ wọn ga, tí mo bá jẹ́wọ́ tó lọ gbé wọn ṣubú ńkọ́? Àbí ẹ̀rù ara mi ni mò ń fi ẹ̀jẹ̀ ríru bò? Torí mo mọ̀ pé tí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á lọ, wọn ò sì ní padà sílé mi mọ́. Wọ́n lè má bá mi sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi kú. Ṣé mo lè gbé e?

Délé pè láàárọ̀ yìí. Ó ní ìyá òun ò jẹun mọ́, pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n kọjú sí. Màámi wà ní yàrá wọn. Mo ti dìde, mo ti dé ẹnu ilẹ̀kùn wọn, mo tún ti padà wá jókòó síbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìyá, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá kúnlẹ̀ tán, ọ̀rọ̀ wo ni kí n kọ́kọ́ sọ?