Ọ̀rọ̀ Kan àti Àlùmọ́gàjí Bàbá Wa

Ọjọ́ Ajé, 3 Ẹrẹ́nà
Ní ọjọ́ tí a sin Bàbá, kí erùpẹ̀ ibojì tó gbẹ, mo ti ki àlùmọ́gàjí tó fi ń gé aṣọ bọ àpò mi. Àbúrò mi obìnrin ló jókòó tì í nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ láti kékeré, òun ló mọ iṣẹ́ náà. Èmi ò lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ títí dòní. Mo ní èmi ni àkọ́bí. Kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn — mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé, Gẹ̀ẹ́sì ń gba imú mi jáde.

Láti ìgbà náà, ìwé ìròyìn ni mo ń fi gé, nítorí iṣẹ́ ìwé atúmọ̀ èdè. Bàbá nà mí rí lọ́mọdé, pé mo fi gé ìwé. Ìwé a máa jẹ́ kí ojú irin kú. N kò lè sọ pé n kò mọ̀.

Ẹlẹ́nu-Abẹ́rẹ́ ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́. (Orúkọ tí mo fún àbúrò mi nínú ọkàn nìyẹn, abẹ́rẹ́ kì í kúrò láàrin ètè rẹ̀.) Yóò lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ lókèèrè, ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo fẹ́ dá àlùmọ́gàjí náà padà fún un kó tó lọ. Mo fẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Ẹrẹ́nà
Olóòtú ìwé atúmọ̀ pè mí. Mo kọ́ ọ ní kíláàsì rí. “Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù nínú tiyín, sà. ‘One’. Kékeré ni.” Ẹni tó bá pe ọ̀rọ̀ ní kékeré, kò tíì túmọ̀ rẹ̀ ni.

Ọjọ́rú, 5 Ẹrẹ́nà
“One”: ení, oókan, ọ̀kan, kan. Ó parí. Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Ẹrẹ́nà
Kò parí. Kì í ṣe nǹkan nìkan ni òyìnbó ń fi ọ̀rọ̀ yìí kà. “One day” ni wọ́n ń pe ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ — bí ọjọ́ tí mo máa dá àlùmọ́gàjí padà. Èyí tó burú jù: wọ́n tún ń fi í rọ́pò ara wọn. Ẹni tó jẹ̀bi ò ní sọ pé “mo ṣẹ̀”. “One” ló ṣẹ̀. Àwa náà ní tiwa, “ènìyàn” là ń pè é.
Mo gé àpẹẹrẹ kún orí tábìlì. Ohun tí mo fi gé wọn ńkọ́? Hm.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Ẹrẹ́nà
Ẹlẹ́nu-Abẹ́rẹ́ wá wọ̀n mí fún ṣòkòtò — ẹ̀bùn ìdágbére. Mo gbàgbé láti gbé nǹkan pamọ́. Àlùmọ́gàjí wà lórí òkìtì ìwé, ó yanu sílẹ̀. Àbúrò mi wò ó. Ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ mọ ìwé gé o. Ìgbà wo lẹ máa rán an?”
Nígbà tó dé ìbàdí mi, ó fún téèpù tó fi ń wọ̀n mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Ẹrẹ́nà
Mo pe àbúrò mi lórí fóònù. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, mo kà á: pé ènìyàn a máa ṣi ẹsẹ̀ gbé nígbà èwe, pé ènìyàn a sì máa kábàámọ̀ lágbà. Ó ní, “Ta ni ènìyàn ọ̀hún? Ẹ bá mi kí i.” Ó ní òun ń di ẹrù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Ẹrẹ́nà
Mo gbé àlùmọ́gàjí lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń pọ́n ọ̀bẹ. “Alàgbà, ṣé òkúta lẹ fi ń gé ni?” Mo ní ìwé ni. Ó wò mí bí ẹni tó rí olè. Ó pọ́n ọn títí iná fi ń ta pàrà. Ó ní yóò gé ìwé. Ti aṣọ, òun ò ṣèlérí.

Ọjọ́bọ̀, 13 Ẹrẹ́nà
Mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Bí mo ṣe túmọ̀ ìlò “one” tó gbẹ̀yìn nìyí: ọ̀rọ̀ tí ọ̀mọ̀wé ń sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó bá jẹ̀bi. Kí ọ̀sán tó pọ́n, olóòtú ti dá a padà: “Sà, ẹ má bínú, èyí kì í ṣe ìtumọ̀. Ẹ̀sùn ni. Ta lẹ ń bá wí?”


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Ẹrẹ́nà
Mo dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi kí ọkọ̀ tó wá kó ẹrù. Ṣọ́ọ̀bù ti ṣófo, ó jókòó lórí àpótí tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo tò sórí ahọ́n sá lọ. Mo fi ọwọ́ méjèèjì na àlùmọ́gàjí sí i. Mo ní, “Èmi ni mo mú un. Tìẹ ni. Èmi náà ni mo bà á jẹ́.”

Ó wá àkísà kan, ó dán an wò. Kò gé e, ńṣe ló ń jẹ ẹ́ lẹ́nu bí ewúrẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́, ó sì yọ ọ́ kúrò lẹ́nu. “Bọ̀dá, ẹ ti pa á pátápátá.” Síbẹ̀, ó fi àkísà náà wé e, ó fi í sínú àpò ọwọ́ rẹ̀, kò dà á pọ̀ mọ́ ẹrù ọkọ̀.

Inú àpò yẹn kan náà ló ti yọ àlùmọ́gàjí kékeré kan, tó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Ọ̀rá ọ̀hún ti pọ́n bí ewé tó gbẹ. “Ìwé lèyí wà fún. Ọdún tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ atúmọ̀ yín ni mo rà á, ká lè ṣe pàṣípààrọ̀. Mo wá ń dúró kí ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.” Ó dá abẹ́rẹ́ padà sẹ́nu. “Ènìyàn a máa gbéraga, àbí?”

Mo fi gé ìwé ìròyìn nírọ̀lẹ́ yìí. Ó mú ju ti Bàbá lọ.